Kí Ló Ń Ṣe Odò Ẹ̀yìn Ilé Wa?

Bí wọ́n bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Lọ́kọ́jà, mo máa ń dáhùn pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá tún bi mí pé, "Iṣẹ́ wo gan-an?" ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di wàhálà, nítorí ká má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ìgbẹ́ ni mò ń wá kiri. Ìjọba ló ń san owó oṣù fún mi, nígbà tó bá rántí, pé kí n máa wá ìgbẹ́ nínú omi, kí n kà á, kí n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá mi, tó wà nílé ní Yàgbà, kò gbà pé iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ó ní, "Gbogbo ìwé tí a torí ẹ̀ ta ilẹ̀, omi lo wá ń wò? Omi tí gbogbo ayé ń wò lọ́fẹ̀ẹ́?" Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo gbọ́ pé ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́ pé ọmọ òun ti di dókítà omi. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé ti ń pè mí láti béèrè oògùn ibà.

Odò tí wọ́n ní kí n máa ṣọ́ kò tó nǹkan. Ó ń ti ẹsẹ̀ òkè sọ̀kalẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn ilé àwọn ènìyàn kọjá ní Gadumo, ó sì ń lọ da ara rẹ̀ sínú odò ńlá. Kò ní orúkọ. Bí ó bá ní in tẹ́lẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, gọ́tà ni gbogbo wa ń pè é, omi inú rẹ̀ kì í sì kọjá ọrùn ẹsẹ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ fún wákàtí kan péré, á sọ ara rẹ̀ di odò, á máa bú ramúramù, á máa gbé bàtà ẹsẹ̀ kan, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, òróró dúdú láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, àti gbogbo ohun tí ènìyàn ti jù sójú títì láti ìgbà ọyẹ́. Odò àárín ìlú kì í dédé ṣàìsàn. Ojú títì àti òrùlé ilé ló ń kó àìsàn jọ fún un, òjò ló sì ń gbé e lọ jíṣẹ́. Nítorí náà, bí gbogbo ènìyàn bá ń sá fún òjò, àwa là ń sáré lọ pàdé rẹ̀.

Àwa méjì ni. Èkejì mi ni awakọ̀ wa, ọmọ Igala kan tó ń gbé ní Karaworo. Ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà mo ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Òun náà ń pè mí ní Madam nítorí pé èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìwé epo ọkọ̀. Ibi márùn-ún la ń dúró sí bu omi. Ibi kìn-ín-ní wà lókè pátápátá, níbi tí omi ti ń jáde láàárín òkúta, tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi máa ń fi bọ́jú. Ibi karùn-ún wà nísàlẹ̀, nítòsí odò ńlá. Ní ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ kí omi náà tiẹ̀ rí bàtà òun.

Ọ̀gá wa kò tíì fojú kan odò náà rí. Ohun tó ń fẹ́ ni kí àwòrán inú ìròyìn wa máa ní àwọ̀ púpọ̀. "Ẹ fi pupa sí i," ló máa ń wí. "Àwọn tó wà lókè fẹ́ràn pupa."

Àwọn ará àdúgbò ní èrò tiwọn nípa wa. Àwọn kan ní wúrà là ń wá. Àwọn kan ní a fẹ́ wó ilé ni, wọ́n sì máa ń tilẹ̀kùn mọ́ra bí wọ́n bá rí ọkọ̀ wa, àfi bí ẹni pé a ò ní lè wó ilé tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Wòlíì kan tiẹ̀ wá bá wa létí omi, ó ní Ẹ̀mí sọ fún òun pé kí a tú ohun tó wà nínú ìgò yẹn dànù. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ní ibi kẹta la ti pàdé ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ará Ọ̀wọ́rọ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn òkè. Oko ló ń ro níbẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó mú un wá sí ìgboro pé kí ó wá sinmi. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Kí oṣù kan tó pé, ó ti rí ilẹ̀ tóóró kan létí odò tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún, ó ti kọ ebè sí i, ó ti gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ìṣápá tí wọ́n ń pè ní yakuwa, ó sì ń fi garawa bu omi odò wọ́n wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí wa, ó nà dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Okun o," ó kí wa bí àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ ṣe ń kí ènìyàn.

"Okun o, Màmá."

"Ẹ bu omi. Ẹ ò mu ún. Ẹ ò fi fọṣọ. Ẹ gbé e sínú kúlà bí ẹni gbé ẹja. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"A fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni, Màmá, bóyá nǹkan kan ń ṣe é."

"Odò náà ló ránṣẹ́ pè yín?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ìgò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá náà ti ń pè mí ní ọmọ olómi, kò sì sí ìgbà tí a dé ibẹ̀ tí kì í di tẹ̀tẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo máa ń gbà á, n óò gbé e délé, n óò fi irú sí i, n óò jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìgbẹ́ wà nínú omi kò le. A ó da omi náà sórí àwo pẹlẹbẹ kan tí a ti tẹ́ oúnjẹ kòkòrò sí, a ó gbé e sínú àpótí olóoru di ọjọ́ kejì. Kòkòrò inú ìgbẹ́, tí ojú kò lè rí, á máa bí sí i, á máa rẹ̀ sí i, títí yóò fi di àmì kékeré tí ojú lè kà. Bí àmì náà bá pọ̀ kọjá kíkà, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pọ̀ kọjá kíkà, a ó sì lọ jẹun.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, omi wa kò mọ́, ṣùgbọ́n kò burú jù. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé ni nǹkan yí padà. Ní ibi kejì, ẹrẹ̀ àti òróró ọkọ̀ ló pọ̀. Kòkòrò ìgbẹ́ kò tó nǹkan. Ní ibi kẹta, níbi ẹ̀fọ́, àwo wa funfun báláú, bí ẹni da ìrẹsì sí i. Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe. Òjò kejì rọ̀, ìrẹsì ni. Ìkẹta rọ̀, ìrẹsì náà ni. Ìyẹn ni pé láàárín ibi kejì àti ibi kẹta, nǹkan kan ń bọ́ sínú odò nígbà òjò nìkan. Gbogbo ohun tó sì wà láàárín ibi méjèèjì kò ju ọ̀wọ́ ilé kan lọ.

Èmi náà ń gbé nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn. Ṣé mo rò ó pé ó lè jẹ́ ilé wa? Rárá. Ènìyàn kì í fura sí ìdí ara rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ọgbà rẹ̀ ni mo fura sí. Mo wọ bàtà òjò, mo gbé ìwé mi, mo lọ bá a pẹ̀lú ojú òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó mú mi yí ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ náà ká. Ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó mọ́ ju ilé ìdáná mi lọ. Gbogbo ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ló ń kó sínú àpò, tí àwọn àgbẹ̀ ń wá gbé.

"Madam," ó wí, "ẹlẹ́dẹ̀ mi kì í ṣu sómi. Ẹ̀yin ènìyàn lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo tọrọ gáfárà, mo jáde. Ẹlẹ́dẹ̀ kan tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ń wò mí bí ẹni pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló là mí lójú. Mo lọ bá a ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo bi í bóyá ó máa ń rí nǹkan àjèjì kan bí òjò bá ń rọ̀.

"Èmi kì í rí nǹkan kan, inú ilé ni mo máa ń sá sí," ó wí. "Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan á máa kan irin lókè yẹn, kìn, kìn, kìn. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń ká aṣọ tí mo sá sábẹ́ ibòji, torí pé òórùn ń bọ̀."

Mo mọ ìró yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa onílé wa. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni, ọmọ Ìjùmú, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ sí gbogbo ènìyàn bí ẹni pé a ti pẹ́ dé ilé ìwé. Dádì ni gbogbo àwa ayálégbé ń pè é, kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Nígbà tí ibà dá mi wó ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ilé náà, òun ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sílé ìwòsàn, òun ló jókòó tì mí títí omi tí wọ́n fà sí mi lára fi tán. Bí òjò bá ń rọ̀, òun nìkan ló máa ń jáde, á wọ aṣọ òjò, á gbé òòlù, á ní òun fẹ́ lọ la ojú gọ́tà kí omi má baà wọlé bá wa. Àwa tí a wà nínú ilé, tí a faṣọ bora, a máa ń pariwo láti ojú fèrèsé pé, "Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọlọ́run á fún yín lókun!"

Ohun kan sì wà tó fi máa ń yangàn. Ó ní sọ́kàwéè ilé òun, ìyẹn kòtò tí gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa ń dà sí, kò kún rí láti ọjọ́ tí òun ti gbẹ́ ẹ. "Àdúrà ni mo fi gbẹ́ ẹ," ló máa ń wí, a ó sì ṣe àmín. Ìdílé mẹ́fà ni wá nínú ilé náà, gbogbo wa ló ń jẹun yó, a kò sì pe ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ rí. Èmi tí ìjọba ń sanwó fún pé kí n mọ ibi tí ìgbẹ́ ń lọ, èmi náà ṣe àmín.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò ṣú ní ọ̀sán. Mo wọ bàtà òjò, mo fi ìgò kan sínú àpò, mo ń retí. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn Dádì ṣí. Mo ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, mo tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ilé.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ òjò rẹ̀, ó ń fi òòlù kan ìdérí irin kan tó ti dípẹtà lẹ́nu páìpù. Kìn, kìn, kìn. Ìdérí náà ṣí. Ohun tó tẹ̀ lé e jáde, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ sínú àgbàrá, àgbàrá gbé e lọ sódò, odò gbé e lọ síbi ẹ̀fọ́.

"Dádì, ẹ kú iṣẹ́," ni mo wí. Àṣà ni, ẹnu mi ti mọ́ ọn.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ha, ọmọ mi. Òjò ń pa ọ́."

"Dádì, kí lẹ ń ṣe yìí?"

Ó rọra dìde. Mo rí i tí ó ń wá ojú ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀, tí ó rí i, tí ó sì gbé e wọ̀. "Ìwọ tí o kàwé," ó wí, "ó yẹ kí o mọ̀ pé omi tó ń ṣàn kì í dọ̀tí. Òjò ni Ọlọ́run fi ń fọ ayé. Láti ayé Nóà ló ti wà bẹ́ẹ̀."

"Inú ọkọ̀ ni Nóà wà, Dádì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́?"

Ó wò mí, omi ń kán ní etí fìlà aṣọ òjò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí o tó lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba, ọmọ mi, rántí pé tìrẹ náà wà níbẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu omi kún ìgò mi, mo dé e. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tó dá mi lójú pé mo wà nínú ìgò ara mi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n nínú ọkọ̀. Ó ní, "Madam, so na your own yansh we dey pursue since?" Ẹ̀rín gbé e débi pé ó ní láti yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ ó rò pé mo lọ kọ òtítọ́ sínú ìròyìn. Mi ò kọ ọ́. Ohun tí mo kọ ni pé orísun ìdọ̀tí ibi kẹta kò tíì dá wa lójú. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Mo sọ fún ara mi pé Dádì ti rí mi, ojú á tì í, á jáwọ́. Mo tún sọ fún ara mi pé ẹni tó jókòó tì mí nígbà àìsàn kì í ṣe ẹni tí mo lè fi lé ìjọba lọ́wọ́. Òtítọ́ tó wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni pé n kò fẹ́ kó ẹrù mi kúrò nílé náà. Iná mànàmáná ibẹ̀ dára.

Ojú kò ti Dádì. Òjò tún rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, mo sì gbọ́ òòlù láti inú yàrá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó kígbe ẹ kú iṣẹ́ láti ojú fèrèsé tèmi.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì, a lọ bu omi. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ di tẹ̀tẹ̀ bó ti máa ń ṣe, ó nà án sí mi. Ọwọ́ mi kọ̀, kò dìde.

"Kí ló dé?" ó wí. "Ẹ̀fọ́ mi ò mọ́ ni?"

Mo wo ilẹ̀. Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ó ń wo òkè bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà: páìpù náà, òòlù náà, ilé náà, àti pé mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ó gbọ́ mi dópin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń bu omi, ẹ̀yin náà lẹ ń ṣu sí i?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kó yé mi ni." Ó gba ẹ̀fọ́ rẹ̀ padà. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo wà lójú àgbàlá, mò ń fọnu, nígbà tí mo rí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń wọlé bọ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá tó dára, ó fi gèlè wé orí, ó sì ru garawa kan tó fi ewé bò. Dádì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu tíì, ó ń ka Bíbélì rẹ̀.

"Okun o, Bàbá," ìyá náà kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Okun o, ìyá. Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Ẹ gbàgbé nǹkan kan sọ́dọ̀ mi ni. Mo ní kí n wá dá a padà."

"Èmi? Kí ni mo gbàgbé?"

Ó gbé garawa náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì, ó sì ṣí ewé orí rẹ̀. Ó ti wa á láti orí ebè rẹ̀ lẹ́yìn òjò Ọjọ́bọ̀, ó dé e pa mọ́jú bí ẹni dé irú, kí ó lè gbó dáadáa. Ó sì gbó. Obìnrin tó ń gbé ní yàrá kẹrin jáde, ó fọwọ́ bo imú, ó padà wọlé, ó tún jáde nítorí kò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo ilé ti péjọ.

"Ìyá, kí ni èyí?" Dádì ti dìde.

"Tiyín ni, Bàbá. Odò ló gbé e wá. Èmi kì í jẹ ohun olóhun."

"Ta ló sọ fún yín pé tèmi ni?"

Ìyá náà kò wo ibi tí mo wà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Àwọn tó ń kà á mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà á nínú ilé náà, gbogbo ojú sì yí sí mi, èmi tí bọ́rọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi.

Mo yọ ọ́. "Èmi ni mo sọ fún wọn, Dádì," ni mo wí, fóòmù sì ń ṣàn lọ sí àgbọ̀n mi.

Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni, ara ì bá tù mí. Ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Bí ẹ bá ti kó tiyín tán," ó wí sí ilẹ̀kùn náà, "ẹ bá mi fọ garawa mi. Okun o." Ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ dé. Ó tóbi ju ẹnu ọ̀nà wa lọ, wọ́n ní láti na rọ́bà rẹ̀ gba ojú fèrèsé mi kọjá. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Ọkùnrin ẹlẹ́dẹ̀ náà wá, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kàn ń mi orí sí mi. Ẹ̀rọ fà, ó fà, ó fà. Nígbà tí ọkọ̀ náà kún tí wọ́n lọ dà á nù, tí wọ́n tún padà wá, ọ̀gá wọn nu òógùn ojú rẹ̀, ó wo gbogbo àwa ayálégbé láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ̀ ń jẹun o." Lẹ́yìn ìyẹn ni bíríkìlà kan fi kọnkéré di páìpù náà pa.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Dádì fún mi ní lẹ́tà pé kí n wá ilé mìíràn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́, ìlà rẹ̀ gún régé, kò sí àṣìṣe kan, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà fún ọjọ́ ọ̀la mi. Mo kó lọ sí Felele, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun káàkiri, tí n kò sì mọ ibi tí sọ́kàwéè ẹnikẹ́ni wà. Mo tún ìròyìn mi kọ, mo kọ òtítọ́ síbẹ̀, títí kan pé èmi náà ń gbé nínú ilé tó fa ìdọ̀tí náà. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wọn kì í kọ irú èyí. Mo ní mo ti kọ ọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti fi pupa sí i.

Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, àwo ibi kẹta ṣeé kà. Omi náà kò mọ́. Òróró àwọn mẹkáníìkì ṣì wà lójú rẹ̀ bí òṣùmàrè. Ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Mo lọ sọ fún ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ó ti ń fi omi ẹ̀rọ fọ ẹ̀fọ́ rẹ̀ báyìí kó tó dì í. Ó gbọ́ mi, ó ní ó dára, ó sì nawọ́ sí ìsàlẹ̀ odò. "Òòlù mìíràn ti ń dún lápá ibẹ̀ yẹn," ó wí. "Mo rò pé kí n sọ fún ọ." Kò tíì fún mi ní tẹ̀tẹ̀ padà. Mo ń rà á báyìí.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí Dádì tó wá sí ọ́fíìsì wa. Mo gbé orí sókè láti orí tábìlì, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì di ike omi kan mú lọ́wọ́ méjèèjì. Mo dìde, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde.

"Omi kànga ilé nìyí," ó wí. "Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Kànga náà kò jìnnà sí sọ́kàwéè. Omi rẹ̀ ni gbogbo wa fi ń wẹ̀, Dádì nìkan ló sì ń mu ún, torí ó ní omi inú ọ̀rá kò ní adùn. Mo gba ike náà, mo ní kí ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti dé kí n tó dé. Mo gbé àwo náà wá, mo jẹ́ kí ó wò ó fúnra rẹ̀. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó ń fi ìka kà á bí ẹni ka ọmọ ilé ìwé lórí ìlà.

"Mẹ́tàdínlógún," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Mélòó ló yẹ kó jẹ́?"

"Òdo."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò dé ojú rẹ̀. "Gbogbo ayé mi, èmi ni mo ń fún àwọn ọmọ ní òdo. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan á wà tí n óò máa wá a." Ó gbé àwo náà kalẹ̀. "Kí ni kí n ṣe?"

Mo sọ fún un pé kí ó máa se omi náà kó tó mu ún, pé a ó wá fọ kànga náà, a ó da oògùn sí i, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Mo fa ìwé tí a ń kọ àbájáde sí jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

"Orúkọ ta lò ń kọ síbẹ̀?" ó bi mí.

"A kì í kọ orúkọ, Dádì. Nọ́ńbà nìkan ni."

Ó fa àga sún mọ́ tábìlì. "Kọ tèmi sí i," ó wí.

Mo kọ ọ́. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, ó sì tún àmì ohùn kan ṣe fún mi nínú rẹ̀.